Ọ̀gá Kò-Tíì-Kàn-Ẹ́ àti Táńkì Orí Òkè

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ ká ẹsẹ̀ yín sókè díẹ̀, nítorí ìtàn omi ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ọkùnrin kan ni pẹ̀lú, ọ̀gá ńlá, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gùn ju gbogbo páìpù tó ń bójú tó lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ti fi "wọ́n" pè é tó nígbà ayé ọlá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Iléeṣẹ́ omi ìlú ni ó ń darí. Mo ní ó ń darí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: ó ń dele de ẹni tí yóò darí. Adelé ọ̀gá àgbà ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí ọkùnrin wa yìí bá wọn mú àga náà gbóná díẹ̀ títí ìgbìmọ̀ yóò fi yan ẹlòmíràn. Àga gbóná, ó gbóná títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, ìgbìmọ̀ ò tíì yan ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ "adelé" yìí wá há a lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí i tí wọ́n fi "adelé" síwájú oyè rẹ̀, kì í jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé ni pé kí Màmá Alága, obìnrin àgbà tó ń ṣe olórí ìgbìmọ̀, fọwọ́ sí i pé òun ni ọ̀gá gan-an, kí wọ́n sì ha "adelé" kúrò lára ilẹ̀kùn òun.

Àwọn òṣìṣẹ́ ní orúkọ tí wọ́n fún un. Kò-Tíì-Kàn-Ẹ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí gbólóhùn tó máa ń sọ jù nìyẹn. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú tó kéèyàn já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó jù ú lọ. Olè burú, irọ́ burú, àmọ́ olè tó bá dúró de àsìkò rẹ̀ kó tó jí nǹkan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá wa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àràárọ̀ ni ìpàdé. Gbogbo wọn á tò yí tábìlì gígùn náà ká bí ipò wọn ṣe tò. Akọ̀wé rẹ̀ á kọ́kọ́ dìde, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ba láì dùn ún.

"Ọ̀gá wa, orísun omi tí kì í gbẹ!"

"Kì í gbẹ!" ni àwọn yòókù á dáhùn.

Oníṣirò owó á dìde tẹ̀lé e. "Ọ̀gá wa, páìpù tí kì í jò!"

"Kì í jò!"

Báyìí ni wọn á ṣe yí tábìlì náà po, títí kan ẹni tó ń tún mítà ṣe, tí kò rí ohun mìíràn fi kì í mọ́, tó sì máa ń kí i ní "Ọ̀gá wa, mítà tí kì í parọ́!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú mítà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ lanu títí yóò fi kàn án.

Lọ́jọ́ kan, kẹ́tùlù tí wọ́n gbàgbé sórí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó kọ́tìnì lẹ́yìn ọ̀gá gan-an. Gbogbo wọn rí i. Ọ̀gá nìkan ni kò rí i, ó kẹ́yìn sí i, ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ló ń sọ. Obìnrin tó ń tọ́jú ọ́fíìsì nawọ́ sókè. "Kò tíì kàn ẹ́," ni ọ̀gá wí. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí "ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá wà", kọ́tìnì ti tán, iná ti kú fúnra rẹ̀ nítorí kò rí nǹkan jẹ mọ́. Obìnrin náà wá dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ́tìnì ń jó." Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn, ó rí fèrèsé tó wà níhòòhò, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. "Ẹ wo òṣìṣẹ́!" ó ní. "Ẹ wo ẹni tó ní sùúrù!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ náà ló kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá ṣe, ìgbìmọ̀ ní àsìkò tó kí kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ àwọn táńkì àti pọ́ǹpù ìlú, kí àwọn èèyàn yé sáré kiri. Màmá Alága pe ọ̀gá sórí fóònù, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. "Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, màá wá fúnra mi. Bó bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lójú mi, màá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀. Adelé parí." Ọ̀gá dìde dúró, ó sì tẹrí ba fún fóònù.

Obìnrin kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ẹni tó ń kọ ètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà nínú yàrá kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígẹrun. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀rọ̀ máa ń yá lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín sì máa ń tètè pa á, àrùn méjèèjì tí wọn kì í fẹ́ rí ní iléeṣẹ́ omi. Wọ́n mú un wọ ìpàdé, wọ́n jẹ́ kó jókòó gbọ́ gbogbo oríkì náà tán, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tó kan mítà.

"Ọ̀nà méjì ló wà, sà," ó ní nígbà tó kàn án. "Ọ̀kan ni ìtẹ̀léra. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó pọ́ǹpù àkọ́kọ́, á bi í pé, 'Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?' Bó bá gbọ́ èsì, á lọ bá ìkejì, á bi òun náà, títí dé ìkẹyìn, á tún padà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí kọ̀ǹpútà jókòó jẹ́ẹ́, kí àwọn táńkì àti pọ́ǹpù fúnra wọn máa pè é. Bí táńkì bá kún, á ké, 'Mo ti kún o!' Kọ̀ǹpútà á sì pa pọ́ǹpù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló máa pe iṣẹ́. Èyí ni mo rò pé ó yẹ wá, sà."

Ọ̀gá fi ìka lu tábìlì. "Ta ló máa fún táńkì láṣẹ pé kó ké?"

"Omi ni, sà."

"Omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ebi bá ń pa ọmọ ọwọ́, ṣé ó máa ń dúró de ìgbà tó bá kàn án kó tó sunkún ni?"

"Ọmọ ọwọ́ kò sí lábẹ́ òfin iléeṣẹ́ ìjọba!" Ọ̀gá ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, nítorí bó bá ti dìde báyìí, ó máa pẹ́ kó tó jókòó. "Ẹ gbọ́ mi! Ṣé kí n wà láàárín àwọn èèyàn pàtàkì, kí táńkì lásán, táńkì tí kò kàwé, tí kò fẹ́yàwó, la ẹnu gbàgà pé òun ti kún? Òun nìkan ló kún ni? Èmi náà kún! Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, èrò kún orí mi, ìfẹ́ ìlú yìí kún ọkàn mi dẹ́nu! Ṣé ẹ gbọ́ kí n pariwo?"

"A ò gbọ́, sà!" ni Akọ̀wé fi gbà á. "Ẹ kún, ẹ ò pariwo!"

"Bí gbogbo wọn bá wá ké lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

Àǹtí Kọ̀ǹpútà mi orí. Ìbéèrè gidi nìyí, òun náà sì mọ̀ ọ́n. "Ó lè ṣẹlẹ̀, sà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń le nínú ọ̀nà kejì yìí. Àmọ́ a máa tò wọ́n; èyí tó léwu jù á bọ́ síwájú."

"Èyí tó léwu jù? Kì í ṣe èyí tó dàgbà jù?"

"Rárá, sà. Èyí tó léwu jù."

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bàjẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí ọ̀gá. Obìnrin náà rí i pé òun ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ó sì gbìyànjú láti fà á padà. "Mi ò ní ìtẹ̀léra ò dáa, sà. Bó bá jẹ́ ìwé owó omi tí à ń fi ránṣẹ́ níparí oṣù ni, ọwọ́ ara mi ni màá fi yan ìtẹ̀léra: ka mítà, ṣírò rẹ̀, tẹ̀ ẹ́, fi ránṣẹ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ fo ara wọn. Àmọ́ omi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò."

"Á kọ́ ọ," ni ọ̀gá wí, ó sì jókòó.

Bí wọ́n ṣe yan ìtẹ̀léra nìyẹn, ọ̀gá sì fi àṣẹ tirẹ̀ yí i ká. Kí kọ̀ǹpútà tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kó kọ́kọ́ kí ọ̀gá. Kí olórí ibùdó kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì dáhùn, nítorí kò bójú mu kí irin jíṣẹ́ fún òun nígbà tí èèyàn wà. Bí kọ̀ǹpútà bá sì bi ẹnì kan tí ẹni náà kò tíì dáhùn, kó dúró dè é. "Ọmọ tó bá kí àgbà kì í yíjú kúrò kí àgbà tó dáhùn," ó ní. "Kọ̀ǹpútà mi kò ní ṣe ọ̀yájú."

Bọ́ọ̀lù kan wà tó ń léfòó nínú táńkì ńlá orí òkè látijọ́. Bí omi bá ti gbé e dókè, á pa pọ́ǹpù. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní ìwádìí fi hàn pé ó ti ń ṣiṣẹ́ láì gbàṣẹ láti ọdún pípẹ́.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà wo ọ̀gá, ó wo Akọ̀wé, ó wo àwọn tó jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń mi orí bí aláǹgbá. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́, sà," ó sì lọ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bá a bò ó. Ó mọ ibi tí ọ̀nà náà ń lọ, ó sì la ọ̀nà náà fún wọn.

Ó wá ku kí wọ́n to àwọn ibùdó. Ẹ ò rí ìjà! Bí ipò olórí ibùdó bá ṣe ga tó ni kọ̀ǹpútà ṣe máa tètè bi í, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ìkejì. Àwọn méjì kan wà tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà; ọ̀kan ní àárọ̀ ni wọ́n gba òun, èkejì ní àwọn jọ dé ni, òun kàn dúró kí ẹni yẹn lọ tọ̀ ni. Ọ̀gá fi odindi ìpàdé kan dá ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà béèrè táńkì orí òkè, èyí tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì gan-an.

"Ta ni olórí rẹ̀?" ni ọ̀gá bi í.

"Kò ní olórí, sà. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Táńkì ni."

"Ṣé ó ní ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́?"

"Táńkì ni, sà."

"Kó lọ sí ìkẹyìn."

Nílé, ọ̀gá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò létí ẹnu rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ìbejì wọn ń já lù ú: ọ̀kan ní èkejì mú pẹ́ńsù òun, èkejì ní irọ́ ni. Ìyàwó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Bàbá Ìbejì, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé làwọn ọmọ yìí ti ń já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé ẹ kú?"

"Ohun tó ń jẹ́ kí n máa tètè lọ sí ọ́fíìsì nìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Kí wọ́n tó ní kí ẹ máa dele, ẹ máa ń gbọ́ràn. Èmi kàn fẹ́ kí Màmá Alága yẹn tètè fọwọ́ sí i. Bóyá ọkọ mi á padà wálé."

Ọ̀gá ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Wọ́n dán kọ̀ǹpútà wò, ó sì ṣiṣẹ́ bí àlá. Kí ni kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́? Gbogbo olórí ibùdó ló jókòó ti bọ́tìnnì pẹ̀lú ìka wọn lórí rẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Kọ̀ǹpútà bi wọ́n, wọ́n dáhùn, ó dé orí òkè, ó bi táńkì, táńkì ní òun ò tíì kún, ó tún padà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá sọ fún Akọ̀wé pé kó lọ wá ẹni tó ń kun ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i pé. Gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ wà lẹ́sẹ̀ òkè, táńkì ńlá sì wà lókè orí rẹ̀. Wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n to àga, wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn sókè kí gbogbo èèyàn lè máa wò ó. Ọ̀gá wá pàṣẹ tó kẹ́yìn: kí gbogbo olórí ibùdó, láìku ẹnì kan, wà nínú gbọ̀ngàn láti pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ò fẹ́ àga tó ṣófo lójú Màmá Alága.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ tuntun ń dún lára ọ̀gá wùrùwùrù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí gbogbo wọn bá wà níbí, ta ló máa tẹ bọ́tìnnì dáhùn?"

"Kò tíì kàn ẹ́," ni ọ̀gá wí, ó sì rìn wọlé. Àtẹ́wọ́ ró.

Màmá Alága jókòó níwájú, obìnrin kúkúrú tó wọ bàtà funfun, tí àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ jáde gàdàgbà sójú rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá wa, orísun omi tí kì í gbẹ." Àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà: "Ọ̀gá ibùdó àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín?" Ọ̀gá ibùdó àkọ́kọ́ wà ní ìlà kejì, ó ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ayé lọ. Kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀, ó ní, "À ń retí yín, sà."

"Ẹ wo ìwà!" ni oníṣirò owó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo bó ṣe ń bọ̀wọ̀!"

Ọ̀gá gun orí pèpéle. Ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn iyì, ẹ̀yin èèyàn ẹ̀yẹ! Kí ni omi? Mo tún bi yín, kí ni omi? Omi ni ohun tí à ń mu. Kí la wá ń mu? Omi ni! Bí kò bá sí omi, kí ni à bá máa pè ní omi? Èmi fúnra mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mu omi. Ìgbà tí mo dàgbà, mi ò dáwọ́ dúró!"

Àtẹ́wọ́. Pọ́ǹpù ń fa omi gun òkè ní gbogbo àsìkò yìí, kò sẹ́ni tó ní kó má fà á.

Àwọn tó jókòó sétí fèrèsé ló kọ́kọ́ rí i: omi tó ń da bo ẹ̀gbẹ́ táńkì lókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ láàárín koríko. Ẹni tó ń tún mítà ṣe nawọ́ sókè. Obìnrin tó ń tọ́jú ọ́fíìsì nawọ́. Ọwọ́ ń yọ níbí, ọwọ́ ń yọ lọ́hùn-ún. Ọ̀gá rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé wọ́n ń kí òun ni. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Àmọ́ kò tíì kàn yín. Ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn." Gbogbo ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tó ti kọ́ ọ ṣe máa ń ṣe é.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ti dìde lẹ́yìn. Ó lọ bá Akọ̀wé lẹ́sẹ̀ pèpéle. "Ẹ sọ fún ọ̀gá! Táńkì ti kún!"

Akọ̀wé wo ìlànà ètò lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn bò ó lójú. "Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ni wọ́n fi ẹ́ sí."

"Ẹ dúró dè mí nínú omi nígbà náà," obìnrin náà ní, ó sì sáré jáde gba ọ̀nà òkè.

Omi rọra gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó kọ́kọ́ tẹ́ bí aṣọ, ó wá nípọn. Àwọn èèyàn ká ẹsẹ̀ sókè ní ìlà ẹ̀yìn, ìlà tó tẹ̀ lé e ká tiwọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ń wò wọ́n láti orí pèpéle, ojú rẹ̀ kún fún omijé ayọ̀. Kò rí irú ọ̀wọ̀ báyìí rí, pé ọ̀rọ̀ òun mú kí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kúrò nílẹ̀. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹni tí wọ́n bá ti kì fún ìgbà pípẹ́, kí ni kò ní gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀?

"Omi," ni Màmá Alága wí.

"Ẹ ṣeun, Màmá! Omi! Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀!"

"Ọ̀gá, mo ní omi."

"Omi ni ìyè, mà! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá wa!"

"Omi wà nínú bàtà mi!" Màmá Alága ti dìde dúró, ó gbá àpamọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ra, omi ń ro lára rẹ̀. "Ṣé etí yín di ni? Ẹ dákẹ́!"

Ọ̀gá dákẹ́. Ó wo ilẹ̀. Àwọn àga tó wà lẹ́yìn ti ń rìn kiri fúnra wọn. Iná gbọ̀ngàn kú, ojú kọ̀ǹpútà náà kú, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tí wọ́n rí níbẹ̀ ni "À ń retí yín, sà." Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì mira. Màmá Alága ní kí wọ́n dìde, wọ́n sì kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá ná.

Ìgbà tí Àǹtí Kọ̀ǹpútà fi máa rí pọ́ǹpù pa, gbogbo wọn ti wà lórí àtẹ̀gùn iwájú. Ó sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Màmá Alága kò wọ mọ́tò rẹ̀. Ó yọ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì kọjú sí wọn.

"Ta ló rí omi yìí kó tó wọlé?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọwọ́ kan gòkè. Ọwọ́ kejì. Kò pẹ́, kò sí ọwọ́ tó kù nílẹ̀.

"Gbogbo yín." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó wo Akọ̀wé. "Ìwọ tí o jókòó ti ọ̀gá rẹ, kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kò tíì kàn mí, mà."

"Èmi ni mo kọ ti kọ̀ǹpútà náà, mà," ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà wí. "Mo sọ fún wọn pé kò dáa. Àmọ́ èmi náà ni mo kọ ọ́."

Màmá Alága wá yíjú sí ọ̀gá. "Mi ò ní bi yín ní ti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá sọ fún yín lórí pèpéle yẹn pé omi ń bọ̀, ṣé ẹ máa gbọ́?"

Ọ̀gá la ẹnu. Irọ́ tó máa gbà á là ti wà nílẹ̀, ó gbóná, ó dán, ó ní orí ó ní ìdí: ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà, nínú ọgbọ́n ìgbìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí olùfẹ́ ìlú. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ dáadáa, ilẹ̀kùn yẹn ṣì lè di tòun. Ó wá ṣèèṣì wo Akọ̀wé. Ọkùnrin náà ti tẹ ọrùn ba sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ náà. Ohunkóhun tí ọ̀gá bá sọ, ó ti ṣe tán láti fi "bẹ́ẹ̀ ni, sà" gbè é lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú omi nínú bàtà rẹ̀. Ojú ti ọ̀gá. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ojú tì í, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń dele.

"Rárá, mà," ó ní. "Mi ò ní gbọ́."

"Ẹ ṣeun." Màmá Alága wọ bàtà rẹ̀ padà. "Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbà gbọ́ lẹ́nu yín láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa lọ sílé. Ìgbìmọ̀ á fi ẹlòmíràn síbẹ̀ lónìí."

Ẹ má rò pé ìwà máa ń kú kíákíá. Ọ̀gá ṣí ẹsẹ̀ méjì, ó dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹni tí ẹ máa fi síbẹ̀, ṣé adelé ni, àbí ọ̀gá gan-an?"

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá padà sínú ọ́fíìsì, ó kó ife rẹ̀ àti àwòrán àwọn ìbejì sínú páálí. Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mọ ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ariwo gba gbogbo ibẹ̀. "Ẹ bá mi gbé wáyà yẹn sókè!" "Má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, iná ṣì lè wà!" "Ẹ ṣí fèrèsé!" Obìnrin tó ń tọ́jú ọ́fíìsì ń pàṣẹ fún oníṣirò owó, oníṣirò owó sì ń sáré. Àwọn olórí ibùdó tó ti jà nítorí ta ni ìkejì ń gba ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn láti gbá omi jáde. Wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn láìdábọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀gá dúró láàárín wọn pẹ̀lú páálí rẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan yíjú sí òun. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò gùn, ó lè parí rẹ̀ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó kún.

"Akọ̀wé," ó pè.

Akọ̀wé ń bọ̀ kùù, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ẹrẹ̀ méjì lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán. Kò dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí lọ́nà díẹ̀."

Ọ̀gá sì ṣí lọ́nà.